Ṣé Ó Yẹ Ká Jẹ́ Kí Alátakò Jù Ú Sáwọ̀n?

Ní January 13, 2009, nílùú Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin Covenant School na ti Dallas Academy ní 100 sí òdo nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ìdajì eré ò tíì kọjá tó ti di 59 sí òdo. Ọmọ mẹ́jọ péré ló wà nínú ẹgbẹ́ Dallas Academy, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà máa ń nira fún. Ilé ẹ̀kọ́ tó borí tọrọ àforíjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní òun ò fara mọ́ àforíjì yẹn, ni wọ́n bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ta ló jàre? Ká tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká wo ajá ná.

Tí ajá ńlá bá ń bá kékeré ṣeré, ó lè ṣàdédé fẹ̀yìn lélẹ̀ kí kékeré máa gun orí ẹ̀. Ó lè fi eyín mú un lára, àmọ́ kò ní gé e jẹ. Self-handicapping ni àwọn onímọ̀ ń pè é: kí alágbára mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára ẹ̀ kù. Ní 2008, Camille Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé àwọn akọ ọmọ ajá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún abo. Àlàyé kan ni pé tí ìyà bá pọ̀ jù, kékeré á bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, eré á sì parí fún àwọn méjèèjì.

Àmọ́ ọmọ èèyàn ju ajá lọ: ó mọ̀ tí wọ́n bá ń ṣàánú òun. Edward Deci àti Richard Ryan ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ ká tẹra mọ́ nǹkan: ká mọ̀ pé àwa la yàn án, ká rí i pé a ti ń mọ̀ ọ́n ṣe, ká sì wà láàárín àwọn tó kà wá sí. 100 sí òdo lè pa ìkejì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá káwọ́ gbera, tí ẹ ní "ó yá, jù ú," ẹ ti pa á náà nìyẹn, torí ọmọ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ mú àwọn ọ̀jẹ̀ yín jókòó, kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọlé. Ẹ má lépa wọn kiri pápá mọ́. Ẹ dúró dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ gbá a fún ara yín lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó jù ú. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, kó lo òsì.

Báyìí, ẹ̀yin náà ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun. Tí alátakò bá sì jù ú wọlé, òógùn ojú ẹ̀ ni.