Ọ̀wọ̀ ní Ẹnu Ibodè: Ọgbọ́n àti Ìwà Pípé nínú Ìwé Jóòbù

Ìfáàrà

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa ẹ̀kọ́ Bíbélì ni pé ọgbọ́n àti ìwà òtítọ́ a máa mú iyì wá fún ènìyàn. Ìwé Òwe kún fún irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Oníwàásù mú àpẹẹrẹ òdìkejì wá ní orí 9: tálákà ọlọ́gbọ́n kan gba ìlú kékeré kan lọ́wọ́ ọba alágbára tí ó dó tì í, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀. Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni pé, kí ni àwọn ènìyàn ń wò lára ẹni kí wọ́n tó bọ̀wọ̀ fún un? Orí 28 sí 31 àti orí 42 nínú ìwé Jóòbù ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé yẹ̀ wò láti fi wá ìdáhùn.

Ẹnu ibodè gẹ́gẹ́ bí ibi ìdájọ́

Ní orí 29, Jóòbù rántí ìgbà tí ó máa ń lọ sí ẹnu ibodè ìlú. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá rí i, wọn a fara pamọ́. Àwọn àgbà a dìde dúró. Àwọn ìjòyè a pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ó bá fi ojú ìlú Yorùbá àtijọ́ ka ibí yìí lè ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ní ìlú Yorùbá, oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnu ibodè, tí ó sì ń gba owó ibodè. Ààfin ọba tàbí ilé baálé ni a ti ń dá ẹjọ́. Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, ẹnu ibodè gan-an ni àwọn àgbà ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ibẹ̀ ni Bóásì ti parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti ìgbéyàwó Rúùtù níṣojú àgbà 10. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ tí Jóòbù ń sọ ju ìkíni ojú ọ̀nà lọ. Ọ̀wọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí ẹjọ́ ni.

Ìdí tí a fi bọ̀wọ̀ fún un

Ẹsẹ 12 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí “nítorí”. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ìdí ọ̀wọ̀ náà: Jóòbù gba tálákà tí ó ké jáde, ó ran ọmọ aláìníbaba àti opó lọ́wọ́, ó sì wádìí ẹjọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Kò dárúkọ àgùntàn 7,000 àti ràkúnmí 3,000 tí orí 1 kà sí i lọ́rùn. Ọgbọ́n àti ìwà pàdé nínú ìwádìí ẹjọ́ yẹn, nítorí òye nìkan kò tó láti mú adájọ́ ṣe wàhálà lórí ọ̀ràn àjèjì tí kò ní ohun tí yóò fi san oore.

Ìsopọ̀ yìí kì í ṣe èèṣì. Orí 28 parí sí pé ìbẹ̀rù Olúwa àti yíyàgò fún ibi ni ọgbọ́n àti òye. Ohun méjì yìí kan náà ni ẹsẹ àkọ́kọ́ ìwé náà fi júwe Jóòbù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí Jóòbù lò fún ìwà ara rẹ̀ ní 27:5 àti 31:6, tummah, sì wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí “kí nǹkan pé”. “Ìwà pípé” súnmọ́ ọn ju “òtítọ́” lásán lọ.

Nígbà tí ọrọ̀ lọ

Orí 30 yí ohun gbogbo padà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré sí ti Jóòbù ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n sì ń fi í kọrin. Ìwà rẹ̀ kò yí padà. Ọrọ̀, ọmọ àti ìlera rẹ̀ ni ó lọ. Àwọn Yorùbá mọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, wọ́n ní owó sọ pé bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dámọ̀ràn lẹ́yìn òun. Ìyẹn fi hàn pé ohun tí Jóòbù rò pé ó fa ọ̀wọ̀ ní ẹnu ibodè lè má jẹ́ gbogbo ohun tí àwọn ará ìlú ń wò.

Ètò ìtàn orí 42 ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ní ẹsẹ 7 àti 8, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọlọ́run pe Jóòbù ní ìránṣẹ́ òun, tí ó sì ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú akọ màlúù 7 àti àgbò 7 lọ bá a kí ó lè gbàdúrà fún wọn. Jóòbù kò tíì rí ohunkóhun gbà padà nígbà náà. Ẹsẹ 10 ni ó sọ nípa ìdápadà ọrọ̀. Ní ẹsẹ 11, àwọn ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ dé pẹ̀lú fàdákà àti òrùka wúrà.

Ìkádìí

Ìwé Jóòbù kò tako ìwé Òwe pé ọgbọ́n àti ìwà pípé yẹ fún ọ̀wọ̀. Ohun tí ó fi kún un ni pé ọ̀wọ̀ tí ó yẹni àti ọ̀wọ̀ tí à ń rí gbà lè yàtọ̀ síra, àti pé àdánù ni ó ń fi ìyàtọ̀ náà hàn. Èyí wúlò fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí iyì àti ọmọlúàbí láwùjọ Yorùbá pẹ̀lú. Bí a bá ń bèèrè ohun tí ẹni iyì ṣe, ó yẹ kí a bèèrè ohun tí àwọn tí ń yẹ́ ẹ sí ń wò lára rẹ̀, àti bóyá wọn yóò ṣì máa wò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo.