Kí Ni Ìyá Yóò Wí fún Ọmọ Tí Wọ́n Rẹ́ Jẹ?

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bó pẹ́ bó yá, ọmọ yín yóò fi omijé ti ilé ẹ̀kọ́ dé, yóò sì bi yín léèrè ìdí tí wọ́n fi rẹ́ òun jẹ. Nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ wá ìwé ìtàn kan kà: Roll of Thunder, Hear My Cry, tí Mildred D. Taylor, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1976, tí ó sì fi gba ẹ̀bùn Newbery ní 1977.

Mississippi ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1933, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó yàtọ̀ sí ti ènìyàn dúdú. Cassie Logan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó ń sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ òyìnbó ń wọ̀. Ẹsẹ̀ ni Cassie àti àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta fi ń rìn, bọ́ọ̀sì náà a sì máa ta ẹrẹ̀ sí wọn lára. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín ìwé fún wọn, àbíkẹ́yìn, tí ó kórìíra ìdọ̀tí, rí i pé tirẹ̀ ti gbó. Ó kà á nínú èèpo rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ti fún ọmọ òyìnbó kí wọ́n tó rí i pé ó yẹ ọmọ dúdú, tí wọ́n fi orúkọ èébú pè níbẹ̀. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ nà án. Mary ìyá rẹ̀, olùkọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, kò pariwo. Ó gé pépà, ó sì lẹ̀ ẹ́ bo àkọsílẹ̀ náà. Pépà yìí wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n Jeremy Simms, ọmọ òyìnbó, ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ojoojúmọ́ ni ó ń bá wọn rìn dé oríta, bí wọ́n tilẹ̀ ń nà án nílé nítorí rẹ̀. Nígbà Kérésìmesì, ó gbé fèrè tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá fún Stacey, àkọ́bí wọn. Bàbá Stacey sọ fún un pé ọ̀rẹ́ dúdú àti funfun kò dọ́gba ní ìlú yẹn, àti pé ọmọ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ lónìí lè yí padà bí ó bá di ọkùnrin. Stacey tọ́jú fèrè náà sínú àpótí. Ẹ má tètè dá bàbá yìí lẹ́bi. Ní àdúgbò rẹ̀, wọ́n ti dáná sun ènìyàn dúdú láàyè.

Ẹ wo bí Mary ti ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fipá mú Cassie tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arábìnrin Jeremy, nítorí pé ó ṣèèṣì fara gbún un. Ó jókòó tì í, ó sọ bí oko ẹrú ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un, àti irọ́ tí àwọn tó jèrè rẹ̀ pa nípa ènìyàn dúdú. Kò tàn án pé ayé dára, kò sì kọ́ ọ láti kórìíra gbogbo òyìnbó.

Ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá a kà. Bí ẹ bá dé ibi fèrè, ẹ dúró, kí ẹ bi í bóyá ó yẹ kí Stacey fọn ọ́n. Ọmọ mi kékeré ní ó yẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò yẹ. Orí àríyànjiyàn yẹn ni wọ́n sùn sí.