Àbújá, Niamey àti Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Agbára

Nínú ìmọ̀ nípa àjọṣe láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, ẹ̀ka èrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní classical realism, èyí tó sọ pé agbára ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń wá, àti pé, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìjọba kan tó ga ju gbogbo ìjọba lọ tó lè fi ipá mú wọn pa òfin mọ́, oníkálukú ní láti ṣọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí èrò yìí ń wí kò ju pé kí alágbára máa jẹ gàba lé aláìlágbára lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í wo aáwọ̀ ọdún 2023 láàrin ìjọba ológun Niger ní Niamey àti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, yóò rí i pé alágbára gan-an ni ó ń kìlọ̀ fún.

Thucydides, ọ̀gágun ìlú Athens ní ilẹ̀ Gríìsì, ni wọ́n sábà máa ń kà sí baba èrò náà. Nínú ìtàn tó kọ nípa ogun Athens àti Sparta, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, ó ròyìn bí àwọn ará Athens ṣe sọ fún àwọn ará erékùṣù kékeré Melos pé àárín àwọn tí agbára wọn dọ́gba nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wà, tí wọ́n sì pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, tí wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Síbẹ̀, ìwé kan náà ló ròyìn bí ìgbéraga ṣe gbé Athens lọ sí Sicily láìpẹ́ sí ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti run ọmọ ogun àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Lẹ́yìn Thucydides ni Machiavelli ará Ítálì kọ̀wé ní 1513 pé bí ènìyàn ṣe ń hùwà gan-an ni kí olórí máa wò, kì í ṣe bó ṣe yẹ kí wọ́n máa hùwà. Nígbà tó sì di 1651, Hobbes ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ, ìbẹ̀rù ọmọnìkejì ni yóò gba ayé kan.

Ní 1939, E. H. Carr, tí òun náà jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó rò pé àdéhùn orí ìwé nìkan tó láti dá ogun dúró, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé agbára tí kò ní ìwà kì í tọ́jọ́. Hans Morgenthau, Júù tí wọ́n bí ní Jámánì, tó sì dé Amẹ́ríkà ní 1937, ló wá to èrò náà pọ̀ nínú ìwé Politics Among Nations ní 1948. Lójú tirẹ̀, agbára kọjá ìbọn: oúnjẹ, iléeṣẹ́, iye ènìyàn, ìṣọ̀kan ọkàn àwọn ará ìlú àti òye àwọn aṣojú ìjọba wà lára rẹ̀, ìwà tó sì yẹ olórí jù lọ ni kí ó ro àtúbọ̀tán ọ̀rọ̀. Ó kìlọ̀ fún ìjọba pé kí ó má ṣe dúró síbi tí kò ti lè padà láìtẹ́, tí kò sì lè tẹ̀ síwájú láìwu ara rẹ̀ léwu.

Irú ibẹ̀ gan-an ni ECOWAS dúró sí. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn olórí tó pàdé ní Àbújá ní ọjọ́ 30 fún wọn ní gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan láti dá a padà sípò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè lo agbára ológun. Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń fún Niger, èyí tó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n ti ẹnubodè, àwọn oníṣòwò Jibiya ní ìpínlẹ̀ Katsina kò sì rí ọjà Maradi ní Niger ná mọ́. Ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, nítorí náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ṣe rọ Ààrẹ Tinubu ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ pé kí ó wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ogun.

Gbèdéke pé, kò sí ọmọ ogun tó wọ Niger. Ní oṣù Kẹsàn-án, Mali, Burkina Faso àti Niger fọwọ́ sí àdéhùn láti máa gbèjà ara wọn. Ní oṣù Kejì 2024, ìpàdé Àbújá mìíràn mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìjẹníyà náà kúrò. Nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kúrò nínú àjọ náà pátápátá.

Kì í ṣe pé ECOWAS kò ní agbára rí. Ní 2017, ọmọ ogun rẹ̀ wọ Gambia, Yahya Jammeh, ààrẹ ibẹ̀, sì fi ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kékeré tí Senegal fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán ni Gambia, ilẹ̀ Niger sì tóbi ju ti Nàìjíríà lọ, àwọn ìjọba ológun aládùúgbò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Gbèdéke tí a kò lè mú ṣẹ máa ń dín agbára ẹni tó kéde rẹ̀ kù. Kí àwọn tó ń jókòó ìpàdé ní Àbújá tó kéde òmíràn, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ẹni tí yóò san owó ogun, ọmọ ẹni tí yóò jà á, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà bí ẹni tí wọ́n ń lérí sí bá kọ̀ jálẹ̀.