Ẹgbẹ́ Òṣèré: Ta Ni Ọ̀gá, Ta Ni Alágbàṣe?

Kò sí ẹni tó ń gbé Ṣómólú tàbí Bàrígà ní Èkó tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iṣẹ́ fíìmù fún. Nígbà tí fíìmù àgbéléwò ṣì ń jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì àti VCD, àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú wà lára àwọn tó ń tẹ pósítà àti páálí rẹ̀. Bàrígà ní tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré Crown Troupe of Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ náà ni Footprints of David ti ń kọ́ ọmọdé ní ijó àti eré. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ohun tí ẹgbẹ́ òṣèré ń ṣe fún àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, yàtọ̀ sí aṣọ ẹgbẹ́ àti àbẹ̀wò sọ́dọ̀ gómìnà.

Ẹgbẹ́ ANTP wà, TAMPAN wà, AGN náà wà, ìtàn bí ọ̀kan ṣe ya kúrò lára èkejì kò sì lè mú ẹnikẹ́ni yó. Ẹnu wọn kò lórí iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe: ká gbógun ti àwọn tó ń ṣe àdàkọ fíìmù láìgbàṣẹ, ká bá ìjọba sọ̀rọ̀, ká parí ìjà láàárín ọmọ ẹgbẹ́, ká bójú tó àgbà àti aláìsàn.

Ogun àdàkọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n jà jù. Kò yani lẹ́nu, nítorí ọ̀tá ìta nìyẹn. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lè jọ kọrin lé e lórí láìwo ojú ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ariwo àwọn olórin, òǹkọ̀wé àti onífíìmù, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun ti 2022 jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tiẹ̀ mú gbogbo olè àdàkọ tó wà ní ọjà Alábà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àpò ẹni tó ni fíìmù ni owó yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tó ṣe ipa tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó gba ohun tí wọ́n fún un, tó sì wọ mọ́tò lọ sílé ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an nìyí, nítorí àáró ló gbé iṣẹ́ fíìmù Yorùbá ró. Lónìí mo bá ọ ṣe tìrẹ, lọ́la wàá bá mi ṣe tèmi. Owó mọ́tò àti oúnjẹ lè tó láti fi dúpẹ́. Àṣà yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ tí báńkì kò fẹ́ fojú kàn máa rí fíìmù gbé jáde léraléra. Ẹ má jẹ́ ká bú u. Àmọ́ ẹni tó ní oko nìkan ni àáró ń gbè. Ọmọkùnrin Bàrígà tó ń gbé iná, ẹni tó ń gba ohùn, ẹni tó ń kun ojú òṣèré, obìnrin tó ń dáná ní lokéṣàn: oko wo ni wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni yóò wá bá wọn ro? Owó ojúmọ́ ni wọ́n ní, òun náà ni wọ́n sì máa ń ní kí wọ́n fara mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé “ilé kan náà ni gbogbo wa.”

Ilé kan náà yìí ti pẹ́. Ní 1945, Hubert Ògúǹdé gbé eré Strike and Hunger sórí ìtàgé nítorí ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún yẹn, ó sì dúró gbágbáágbá ti àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ tíátà fúnra wọn wá kóra jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun náà ni ààrẹ wọn. Àwọn olórí ẹgbẹ́ eré ni ọ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn jẹ́ ìyàwó, ọmọ tàbí ọmọṣẹ́, ta ni yóò dìde kí ó ní owó òun kò pé? Fíìmù dé, fídíò dé, íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ṣì ni ẹni tó ń darí ìpàdé.

Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa kò da òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ pọ̀. Àádọ́ta òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè forúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àwọn agbanisíṣẹ́, méjì ti tó. Ẹgbẹ́ RATTAWU, tó wà lábẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC, fi tíátà kún orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti àjọ àṣà ìjọba la mọ̀ ọ́n mọ́. Alágbàṣe tó ń ti lokéṣàn kan bọ́ sí òmíràn kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ara rẹ̀ níbi tí àwọn ìràwọ̀ ti ń ya fọ́tò.

Àríyànjiyàn kan tó ti gbóná ní agbo yìí ni ti MOPPICON, ìgbìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi òfin gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ fíìmù, tí ìjọba àpapọ̀ tún jí àbádòfin rẹ̀ dìde ní 2016. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní bí dókítà àti lọ́yà ṣe ní ìgbìmọ̀ tiwọn, ó yẹ kí onífíìmù náà ní, kí gbogbo ẹni tó bá ti ra kámẹ́rà má baà máa pe ara rẹ̀ ní olùdarí. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní àìsí géètì ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà dàgbà, àti pé ẹni tí a bá fún ní kọ́kọ́rọ́ kò ní pẹ́ gbowó ibodè. Ti àwọn ẹ̀yìn yìí wọ̀ mí létí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí apá méjèèjì dáadáa: ẹni tí yóò wọlé ni wọ́n ń jà lé lórí. Iye tí ẹni tó ti wà nínú ilé yóò gbà lóòjọ́, àti iye wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́, kò sí nínú ìjà wọn.

Ní Hollywood, wọn ò sá fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1960, àwọn òṣèré da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ń ta iṣẹ́ wọn fún tẹlifíṣọ̀n láìfún wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n rí ìpín gbà lórí fíìmù tí wọ́n bá ṣe láti ìgbà náà lọ, wọ́n sì rí owó tí wọ́n fi dá àpò ìfẹ̀yìntì àti ìlera sílẹ̀. Ìràwọ̀ tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, Ronald Reagan, kì í ṣe ọ̀tá olówó rárá. Síbẹ̀ ó mọ ẹni tí òun jókòó sí iwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, YouTube ti sọ òṣèré di olówó fíìmù. Ìràwọ̀ tó ní ìkànnì tirẹ̀ ti di ilé iṣẹ́, fíìmù sì lè máa pawó wọlé lẹ́yìn tí ẹni tó kó ipa kejì nínú rẹ̀ ti gbàgbé àkọlé rẹ̀.

Kí n má fi dúdú pe funfun, ẹgbẹ́ ní èrè. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀, lẹ́tà ẹgbẹ́ sì lè gba gbèsè kíákíá ju kóòtù lọ. Àmọ́ nígbà tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹni tó jẹ gbèsè ló ń gbọ́ ẹjọ́, ìmọ̀ràn “ẹ lọ ṣe sùúrù” ni ìdájọ́ sábà máa ń jẹ́. Bí àgbà òṣèré bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹgbẹ́ á gbé igbá agbe kiri lórí ayélujára, a ó ṣàánú, a ó dáwó. Àánú ni a ń pè ní ètò ìlera.

Ìdánwò ẹgbẹ́ kò ju ìwé kan lọ: iye owó ojúmọ́ tó kéré jù, fún òṣèré àti fún àwọn ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí gbogbo ayé rí i kà. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò san án ní lokéṣàn tiwọn. Bí ó bá ṣòro fún wọn, kí wọ́n forúkọ ara wọn sílẹ̀ bí agbanisíṣẹ́. Ẹni méjì péré ni òfin béèrè.