Láti Orí Ọ̀kadà Dé Orí Máṣíìnì Eré

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì kékeré lè ṣe, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Àkànràn n'Ìbàdàn lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀kadà Boxer kan á kọjá, àpò gàrí á wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá tó ni gàrí á jókòó tì í, ọmọ á wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, ilẹ̀ pupa náà ń yọ̀, síbẹ̀ máṣíìnì náà á rọra fa ẹrù rẹ̀ gun òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Lálúpọn, ní Ẹ̀rúnmu, ní Ìròkò àti lọ́nà oko tó já sí Mọ́níyà. Boxer 100cc, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Bajaj ní Íńdíà, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ti ẹṣin 8 lọ. Agbára yẹn ló ń gbé oko wá sí ọjà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé máṣíìnì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Cagiva ní Ítálì ń ṣe máṣíìnì eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mito. 125cc péré ni, ṣùgbọ́n gíà 7 ló ní, bí wọn kò bá sì dín agbára rẹ̀ kù, ó lé ní ti ẹṣin 30. Ẹni tó bá gùn ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lé táǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ike tí wọ́n fi bo máṣíìnì náà lára á máa la afẹ́fẹ́ fún un. Valentino Rossi, tó padà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, Mito ló fi díje ní 1993 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14.

Kí ló mú kí ẹ́ńjìnnì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yàtọ̀ síra tó báyìí? Èmi gbà pé iye cc kọ́ ló ń sọ irú ohun tí máṣíìnì jẹ́, ibi tí wọ́n fi agbára rẹ̀ sí ni. Alábàárù ọjà Bódìjà lágbára, sárésáré náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbé àpò ìrẹsì ka orí sárésáré. Boxer ti ń lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì yára yí, ìdí nìyẹn tí kò fi ń kú lórí òkè bí ẹrù bá wúwo. Ti Mito kò rí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀, ó kàn ń rìn ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá nǹkan bí ìyípo 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo agbára rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń gùn ún á sì máa jẹ gíà lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa tún padà sísàlẹ̀.

Àwọn àgbà mẹkáníìkì wa ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kí Boxer tó gbòde, Suzuki AX100 àti Jincheng, tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ní àwòrán rẹ̀, wà káàkiri oko wa. Àwọn tó gùn wọ́n á rántí pé ọ́yìlì máa ń jóná pọ̀ mọ́ epo wọn, èéfín wọn a sì máa rú. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni wọ́n. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ló ń tanná, nígbà tí ti Boxer, tó jẹ́ four-stroke, ń tanná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Two-stroke ni Mito náà, bẹ́ẹ̀ náà ni RS125 ti ilé iṣẹ́ Aprilia.

Síbẹ̀, AX100 kò sáré bí i tiwọn. Àṣírí tó wà níbẹ̀ wà nínú páìpù èéfín. Nínú ẹ́ńjìnnì báyìí, epo tuntun tó ń wọlé máa ń bá èéfín sá jáde. Walter Kaaden, tó ń ṣiṣẹ́ fún MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún tún páìpù náà ṣe. Ó mú kó fẹ̀ láàárín, kó sì tún fún lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde á ta padà, á sì ti epo tó fẹ́ sá padà sínú sílíńdà. Ṣùgbọ́n kìkì ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìwọ̀n tó bá páìpù náà mu ló ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, Ernst Degner tó ń díje fún MZ sá kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìdíje kan ní Sweden, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki. Ní 1962, Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50cc, Degner ló gùn ún. Ilé tí wọ́n gbé ìmọ̀ yìí lọ náà ló wá ṣe AX100 tó ń gbé iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa.

Honda gba ọ̀nà tirẹ̀. Four-stroke ló dì mú jù, ó sì ń pín ẹ́ńjìnnì sí wẹ́wẹ́ kó lè yára yí. CBR250RR tó jáde ní 1990 ní sílíńdà 4 nínú 250cc, kálukú wọn kò tó ti Boxer, ìyípo rẹ̀ sì lè kọjá 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Òfin Japan wà lára ohun tó fà á. Máṣíìnì tó bá ju 250cc lọ gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò olówó gọbọi látìgbàdégbà, èyí tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe kó gbogbo ọgbọ́n wọn sínú 250cc. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì náà di tòkunbọ̀ ní Australia àti New Zealand.

Òfin èéfín ló wá lé àwọn two-stroke kúrò lójú títì. Nínú ìdíje àgbáyé pàápàá, 2011 ni 125cc wọn sáré kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ra irú wọn lónìí, ohun àtijọ́ ló ń rà, ìtọ́jú rẹ̀ sì nira ju owó rẹ̀ lọ. Epo tó pẹ́ nínú káburétọ̀ á di gọ́ọ̀mù, á sì dí ihò tóóró inú rẹ̀. Rọ́bà tó dí ẹ̀gbẹ́ kiráǹkì á gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, epo kò ní tó, písítìn á sì gbóná títí yóò fi há. Písítìn àti ríìngì ẹ́ńjìnnì tó ń sáré báyìí kì í pẹ́ bí i ti ọ̀kadà. Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn wọn kò fi wọ́n sílẹ̀. Ní Íńdíà tí Boxer ti ń wá, wọ́n ṣì ń wá Yamaha RX100 kiri, two-stroke tí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ ní 1996.

Mo mọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹni tí agbára máṣíìnì rẹ̀ kéré kò lè fi agbára bo àṣìṣe. Bó bá tẹ bíréèkì jù kó tó yà, eré tó sọnù kò ní tètè padà. Ó ní láti wo iwájú, kó ti yan gíà kó tó débẹ̀, kó yà láìfi eré ṣòfò. Ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì, tó rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, tó ti ń kó eré jọ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́.

Ó yẹ kí òbí tó lọ́mọ ní Ìlú Ọba mọ èyí. Níbẹ̀, ọmọ ọdún 17 tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lè gun 125cc, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ti ẹṣin 15 lọ, pẹ̀lú àmì L lára rẹ̀. Mito tàbí RS125 tí wọ́n ti tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bó bá gùn ún, ó ti rú òfin, adójútòfò sì lè kọ̀ láti sanwó bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bó bá pè yín pé òun ti rí tòkunbọ̀ kan, ẹ má kàn bínú. Ẹ bi í bóyá agbára rẹ̀ bá láísẹ́ǹsì rẹ̀ mu. Ẹ ní kó ka nọ́ńbà 4 ẹ̀gbẹ́ táyà: 3518 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Ẹ bi í ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ písítìn gbẹ̀yìn, àti bóyá ike ara rẹ̀ ti sán, nítorí ike tó sán sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rí ìṣubú. Ẹ bi í pẹ̀lú nípa akoto orí àti ìbọ̀wọ́. Mẹkáníìkì ọ̀kadà Ẹ̀gbẹ́dá lè bá yín bi í ní púpọ̀ nínú wọn lórí fóònù. Ẹ pè é sí i, kí ọmọ náà dáhùn kó tó sanwó.