Bí Aró Ṣe Dénú Kálàmù Onígi ní Johannesburg

Ègé igi onígun mẹ́rin, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20, ni kálàmù onígi ti ń jáde. Ẹni tó ń ṣe é á lu ihò gba àárín rẹ̀ já, á fi gúlúù lẹ ọ̀pá bàbà oníhò mọ́ inú ihò náà, á sì gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí igi. Bí igi ti ń yí bírí ni yóò máa fi ṣísẹ́lì fá a, títí yóò fi ku nǹkan bíi mìlímítà 10. Ohun tó ti di ẹ̀ẹ́rún nílẹ̀ nígbà yẹn lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igi náà. Aró tó bá dúró sójú igi nìkan ti bá ẹ̀ẹ́rún lọ. Ìdí nìyí tí àwọ̀ kálàmù fi yàtọ̀ sí àwọ̀ ara àga tàbí ilẹ̀kùn: láti inú ló gbọ́dọ̀ ti wá.

Ara àfibọ̀ ni èyí ti ń hàn jù, ìyẹn ẹ̀là igi tín-ín-rín tí a ki bọ inú igi mìíràn kó lè di ọnà. Wọ́n á fi ayùn rẹ́ ègé igi náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á lẹ ẹ̀là aláwọ̀ mìíràn sójú ibi tí wọ́n rẹ́, wọ́n á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi pé. Ẹ̀là náà kò gbọdọ̀ nípọn ju ojú tí ayùn là lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìlà kò ní bára dọ́gba. Lórí ẹ̀rọ, ìlà mẹ́rin yẹn á di òrùka tó kọ́ ara wọn lọ́rùn. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n níbo ni àwọ̀ ẹ̀là náà yóò ti wá?

Igi kò pọ̀ níbi tí wọ́n tẹ Johannesburg dó sí lẹ́yìn tí wọ́n rí góòlù níbẹ̀ ní 1886. Pápá koríko ni. Gbígbìn ni wọ́n gbin èyí tó pọ̀ jù nínú igi ìlú náà: yúkálíptọ́ọ̀sì fún òpó inú ihò ìwakùsà, óòkù lẹ́bàá títì, àti jákáráńdà tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, òdòdó jákáráńdà máa ń sọ àdúgbò di elése-àlùkò. Inú igi rẹ̀ ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Igi ilẹ̀ náà gan-an wà tó pupa látilẹ̀wá, bíi Berchemia zeyheri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ elése-àlùkò tàbí búlúù kò ní tètè rí i lára igi ilẹ̀ náà.

Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, olu kan tó ń sọ igi di àwọ̀ ewé ni àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì fi ń wá ọ̀nà àbáyọ. Aró ìgbàlódé dé ní 1856, nígbà tí William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá oògùn ibà nínú ọ̀dà èédú ní London. Oògùn kọ́ ló rí. Elése-àlùkò ló rí, tó jọ àwọ̀ òdòdó jákáráńdà.

Kí aró yìí tó lè dénú, ẹ̀là tín-ín-rín ni wọ́n ń rẹ, ṣáájú kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Àwọn mìíràn á tì í mọ́ inú ìkòkò aró tí ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde; bí afẹ́fẹ́ bá ti padà wọlé, á ti aró wọnú ihò ara igi. Ẹni tó mọṣẹ́ á ṣẹ́ ẹ̀là kan sí méjì wò: bí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun, kò tíì jinná.

Ìṣòro kejì ni pé aró ń ṣàn. Èyí tó bá ń yọ́ nínú ọtí líle yóò wọ inú igi funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá fi ohun ìdán olọ́tí kùn ún. Nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi gúlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ojú igi funfun, bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń fi ẹ̀kọ dí ojú aṣọ kí èlú má baà wọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú náà ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ osùn rí mọ bí ìyẹ̀fun igi pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Sáńpépà kan ṣoṣo tó ní lẹ́búlẹ́bú lára ti tó láti sọ igi funfun di aláwọ̀ osùn.

Johannesburg ga ní nǹkan bíi mítà 1,750 lókè òkun, oòrùn rẹ̀ sì mú. Ọ̀pọ̀ aró ń ṣá níwájú oòrùn, osùn pàápàá ń di àwọ̀ ilẹ̀. Dúdú ló ń fara dà á jù. Àwọn Zulu ti ń fi irin gbígbóná sun ọnà dúdú sára àwo onígi láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn oníkálàmù ní dúdú mìíràn: wọ́n á rẹ irin sínú fínígà títí yóò fi jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ pa óòkù lára. Tánínì, èròjà kan nínú óòkù, á bá irin náà pàdé, igi á dúdú. Igi tí kò ní tánínì, tíì líle ni wọ́n ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí. Irin àti tánínì yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe yíńkì ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.