Àwo Rọ́ọ̀kì Inú Àpótí

Ní 1973, orin rọ́ọ̀kì ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọdún náà ni iléeṣẹ́ EMI gbé àwo Chapter One ti ẹgbẹ́ olórin BLO jáde, àti Try and Love ti ẹgbẹ́ Ofege, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's tí wọn kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀pọ̀ àwo báyìí di ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òkèèrè ni òkìkí wọn ti tún kàn: iléeṣẹ́ Soundway ti London kó díẹ̀ jọ sínú Nigeria Rock Special ní 2008. Ó dun ni díẹ̀ pé àlejò ló rántí wọn.

Ẹni tó bá jogún àpótí irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ìlú bíi Ponyan tàbí Kàbà kò gbọdọ̀ kù gìrì gbé e sórí ẹ̀rọ. Oòrùn a máa lọ́ àwo, eruku a sì máa há sínú ìlà rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ ni kí ó fi nù ún, kí ọwọ́ tẹ̀lé ìlà yípo, kó má dábùú rẹ̀. Ìdúró ni kí ó tò wọ́n. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ti gbó ń họ àwo ni. Àwo ńlá ń yí ní bí ìgbà 33 láàrin ìṣẹ́jú kan, kékeré ní 45. Bí a bá fi ńlá sí 45, ohùn olórin a di ti ọmọdé.